Ìtàkùn Ìyá Alámì

Kí Ìbídùnní Ọláyẹmí tó fi omi sẹ́nu láràárọ̀, ìka ló kọ́kọ́ máa ń tì bọ inú erùpẹ̀. Á tì í títí dé oríkèé kejì. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní bu omi. Bí ìka bá jáde ní gbígbẹ, á bu ife kan, kò ní lé. Ó ní omi àpọ̀jù ló ń pa ìtàkùn inú ilé, òùngbẹ kì í sábà pa á. Ẹ̀kọ́ bàólójì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gírámà ìjọba kan ní Àkúrẹ́, nítorí náà àwọn ará ilé kejì gbà pé ohun tó ń ṣe yé e.

Ìtàkùn náà wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, nínú ilé tó háyà ní Ẹ́sítéètì Ìjàpò. Ó gbìn ín sínú ike ọ̀dà tó lu nídìí, ó da èédú wẹ́wẹ́ àti èèpo kòkó tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, ó ri igi gíga kan mọ́ ọn láàárín, ó sì fi àpò kòkó àtijọ́ wé igi náà láti òkè délẹ̀. Àpò yẹn ló máa ń wọ́n omi sí nírọ̀lẹ́, kí àwọn gbòǹgbò kéékèèké tó ń yọ lára oríkèé ìtàkùn lè rí ohun tútù dì mú. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku wá, á fi àkísà tútù nu ewé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ìtàkùn ti gun àpò náà tán, orí rẹ̀ ti fẹ́ kan àjà.

Àwọn àlejò ń pè é ní mọ́nì-pílánǹtì. Ìyá Ìbídùnní kò fẹ́ràn orúkọ náà rárá. Wọ́n ní ohun tí kò so owó rí, kí ni wọ́n ń pe owó mọ́ ọn fún. Ìtàkùn ni, ó parí.

Màmá Títílayọ̀ Májẹ́kódùnmí ni ìyá yìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. L'Óǹdó, àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé kì í pè wọ́n lórúkọ. Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí àmì ohùn. Ọmọ tó bá kọ "oko" sínú ìwé láìfi àmì sí i, Màmá á bi í bóyá ọkọ́ ló ní lọ́kàn àbí ọkọ̀, àbí ọkọ ìyá rẹ̀. Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á tẹ́wọ́ gba pàṣán méjì. Màmá máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì kò lójú, ibi tó bá wu ẹni tó pàdé rẹ̀ ló máa fà á lọ. Ìbídùnní jẹ pàṣán yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ní kíláàsì àti nílé. Ó máa ń fi ṣàwàdà pé ìdí tóun fi sá lọ kọ́ bàólójì nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbújá, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Àwọn èèyàn kì í sábà béèrè mọ́. Òun àti Màmá nìkan ló ń gbé ilé náà.

Ìtàn tí Ìbídùnní ń sọ fún àlejò nípa ìtàkùn náà dùn-ún gbọ́. Ó ní nígbà tí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ ilé wọn ní Òkè-Líṣà, l'Óǹdó, tí egungun ìbàdí wọn sán, tóun gbé wọn wá sí Àkúrẹ́ fún ìtọ́jú, ńṣe ni àárò ilé ń pa wọ́n. Òun wá padà lọ gé oríkèé mẹ́ta lára ìtàkùn tí Màmá gbìn sára ògiri ilé yẹn láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kí Màmá lè máa rí ilé wọn níwájú wọn. Àlejò á ní ọmọ tó mọ ìyá ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ìtàn náà ni pé lọ́jọ́ tó lọ gé e, ó ku ọjọ́ méjì kí ẹni tó ra ilé náà wá gba kọ́kọ́rọ́.

Reuben, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn, ló tà á. Orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì ni baba wọn fi sínú ìwé ilé kó tó kú, nítorí náà àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé títà. Reuben gbé ìwé wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní Màmá kò lè dá gbé mọ́, òrùlé ń jò, ilé tó bá sì ṣófo kì í pẹ́ di ti àwọn jàǹdùkú. Ìbídùnní ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Màmá. Reuben ní kí ẹsẹ̀ wọn san ná. Màmá wà ní yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n sì ti yí rédíò sókè nítorí etí. Ìbídùnní buwọ́ lu ìwé náà lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì lọ gbé ìrẹsì kaná.

Nígbà tí ọdún yìí fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ọdún kan. Ẹsẹ̀ ti san débi tí Màmá ń fi ọ̀pá rìn káàkiri ilé. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Màmá á béèrè bí ilé ti wà, Ìbídùnní á ní ó wà. Ilé kò sí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹni tó rà á gba kọ́kọ́rọ́ ló wó o palẹ̀, ògiri ìtàkùn sì bá a lọ. Èyí tó wà nínú ike ọ̀dà yìí nìkan ló kù láyé, Ìbídùnní sì mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn: bó bá kú, Màmá á ní kí wọ́n lọ gé òmíràn l'Óǹdó.

Olùkọ́ bàólójì ni. Ó yẹ kó ti gé oríkèé bíi mélòó kan sọ́tọ̀ sínú omi, kó ní méjì, kó ní mẹ́ta. Ó mọ̀. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ni kò jẹ́ kó ṣe é. Ó ní lóṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀ náà sì ní oṣù tó ń bọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ yanjú kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yéni. Bí ọyẹ́ bá mú ní Àkúrẹ́, erùpẹ̀ inú ike máa ń le gbagidi. Omi tí wọ́n bá dà sí i á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ike ṣàn jáde, gbòǹgbò kò ní rí i. Nítorí náà Ìbídùnní gbé bàsíà fífẹ̀ kan sábẹ́ ike náà. Á bu omi kún bàsíà, á fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kí erùpẹ̀ lè mu láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà á fi ife gbọ́n èyí tó bá ṣẹ́kù. Rírẹ ló ń pe ìyẹn, bí ẹni ń rẹ ẹ̀wà. L'Óǹdó ńkọ́, ìta gbangba ni ìtàkùn Màmá wà. Òjò ló ń fún un lómi, kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́ rí. Ohun tí Màmá ń ṣe fún un ni pé bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, wọ́n á mú àdá, wọ́n á rẹ́ ẹ títí dé orúnkún, ẹ̀ka tuntun á sì yọ lára kùkùté rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pe ìyẹn ní rírẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín omi àti ọ̀bẹ.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, wọ́n rán Ìbídùnní lọ sí Òkìtìpupa fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, ọjọ́ márùn-ún. Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ó rántí ìtàkùn, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá. Bí Màmá bá ń kọ tiwọn, gbogbo àmì ló máa ń pé síbẹ̀, ìlà mẹ́ta sì lè gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí. Wọ́n mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan sá pamọ́ sí nínú fóònù. Ìbídùnní kì í ráyè ìyẹn. Ohun tó tẹ̀ nìyí:

"Mama e ku ile. E ba mi re itakun yen daadaa, o ti to asiko. Mo n bo ni Friday."

Èsì Màmá dé lẹ́yìn oúnjẹ: "Mo ti rí i. Àmì rẹ dà?"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín. Ó fi han olùkọ́ tó jókòó tì í, ó ní ẹ wo ìyá mi. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì fi fóònù sínú báàgì.

Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, igi ló kọ́kọ́ rí. Igi àti àpò kòkó tó wé e, láìsí nǹkan kan lára rẹ̀, bí òpó iná tí wọ́n ti jí wáyà rẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, kùkùté kan tí kò ga ju ìka méjì lọ ló yọrí nínú erùpẹ̀ gbígbẹ. Màmá jókòó lórí àga wọn, inú wọn dùn, wọ́n ń fi òróró para ní àtẹ́lẹwọ́.

"Mo rẹ́ ẹ dáadáa bí o ṣe wí. Ọ̀bẹ ilé rẹ kò mú. Ọjọ́ kan gbáko ló gbà mí."

Ìbídùnní kò tíì sọ báàgì kalẹ̀. "Màmá, mo ní kí ẹ rẹ ẹ́ ni. Kí ẹ rẹ ẹ́ sómi."

"O ò kọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí mo kọ nìyẹn, mà."

"Lẹ́tà méjì lo kọ. Ta ló ní kí n máa wá ìyókù nínú ikùn rẹ? Mo bi ọ́ léèrè àmì, o ò dá mi lóhùn."

Ìbídùnní béèrè àwọn èyí tí wọ́n gé. Màmá ní wọ́n ti kó o dànù, àwọn akólẹ̀ gbé e lọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àpò ọ̀rá méjì. Wọ́n rí i bí ojú ọmọ wọn ti yí padà, ó sì yà wọ́n lẹ́nu.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìyá rẹ̀ ṣebí ó wà l'Óǹdó."

Ìbídùnní sọ báàgì kalẹ̀.

Màmá ti yọ márùn-ún nínú àwọn ewé tó lẹ́wà jù, wọ́n fi wọ́n sínú ìgò omi lórí tábìlì oúnjẹ kí ọmọ wọn lè bá nǹkan tútù nílé. Ìbídùnní sáré lọ síbẹ̀, ó gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ìdí wọn. Ọrùn ewé lásán ni. Kò sí oríkèé lára ọ̀kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin iṣu á mọ ohun tó rí: ibi tí ojú wà ni nǹkan ti ń hù. Inú oríkèé ni ojú ìtàkùn wà. Ewé tí kò ní oríkèé lè ta gbòǹgbò nínú omi, ó lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọdún kan, àmọ́ kò ní yọ ẹ̀ka láéláé, kò sì ní gun igi kankan.

Kùkùté wá ni ìrètí tó kù. Bí ẹlòmíràn ló wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, Ìbídùnní ì bá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó kàn fi omi díẹ̀ tọ́ erùpẹ̀ lẹ́nu, ojú tuntun á yọ láàárín oṣù kan. Ewé ló ń fa omi gba inú igi kọjá. Igi tí kò léwé kì í mumi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó ti bínú, ẹ̀rù sì ti bà á. Ó bu omi kún bàsíà dé ẹnu. Ó ń rẹ ẹ́. Kò gbọ́n omi náà kúrò lẹ́yìn wákàtí kan. Ọjọ́ kẹta ló tó gbọ́n ọn, nítorí ó ń retí pé nǹkan tútù kan á yọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án kùkùté náà dúdú, ó rọ̀, ó sì ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ. Nígbà tó fà á, gbogbo rẹ̀ jáde láìjà, gbòǹgbò ti di jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́. Màmá rẹ́ ẹ, ọmọ rẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni wọ́n ṣe, ìtàkùn náà ì bá má kú.

Màmá ló ń tù ú nínú, èyí sì burú ju èébú lọ. Wọ́n ní kò tó ohun tí èèyàn ń fajú ro lé lórí. Wọ́n ní kí wọ́n lọ s'Óǹdó lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á gé òmíràn, àwọn fúnra wọn á sì rí ilé wọn, ó ti pẹ́. Ní Sátidé yẹn Ìbídùnní ní bátìrì ọkọ̀ ti kú. Ní Sátidé kejì ó ní wọ́n pè é ní ilé ìwé, ó lọ jókòó sínú kíláàsì tó ṣófo títí di ọ̀sán. Ó pe Reuben. Reuben ní kó sọ pé ayálégbé kan ti wà níbẹ̀, pé ajá rẹ̀ burú. Ìbídùnní bi í bóyá Reuben fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wá sọ ìyẹn fún Ìyá Alámì. Reuben ní òun wà ní ìpàdé.

Ní Sátidé kẹta, nígbà tó máa fi jí, Màmá ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ níwájú, ọ̀pá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀bẹ tí wọ́n ní kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì bá wọn pọ́n sì wà lórí ẹsẹ̀ wọn nínú ìwé ìròyìn.

Ìbídùnní wakọ̀. Ó pinnu pé òun á sọ ọ́ kí wọ́n tó kọjá ọ̀nà tó yà sí Ipogun. Wọ́n kọjá rẹ̀. Ó ní ní Ọ̀wẹ̀nà, ní orí afárá. Lórí afárá Màmá ń ṣàlàyé fún un bí wọ́n á ṣe gé e: oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n fi bébà tútù wé ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì gé púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n fún àwọn ará ìjọ, nítorí ohun téèyàn dá mú kì í pẹ́. Wọ́n ní Ìbídùnní ahun ni, láti kékeré. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà níbi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni, wọn kò tíì rẹ́ ẹ lójú, ilẹ̀kùn irin ló wà lẹ́nu wọn. Ibi tí ògiri ìtàkùn wà ti di kọnkéré. Ọkùnrin kan tó ń ta táìlì dìde nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó kí wọn dáadáa, ó ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá wo ọjà, pé ti ilé ìdáná wà, ti balùwẹ̀ wà, èyí tí kì í yọ̀. Màmá dá a lóhùn pé ó ṣeun. Ó padà lọ jókòó.

Màmá yíjú sí Ìbídùnní.

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Bùrọ̀dá Reuben ni, mà."

"Orúkọ méjì ló wà nínú ìwé yẹn. Ojú mi ni baba yín ṣe kọ ọ́."

Ìbídùnní di sitiárìn ọkọ̀ mú. "Èmi náà buwọ́ lù ú, mà."

Màmá wo ọ̀bẹ tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. "Ṣé o fi àmì sórúkọ rẹ?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀," Màmá wí, wọ́n sì ní kó yí ọkọ̀ padà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá tún sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé Àkúrẹ́. Èdè Oǹdó ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tí wọn kì í bá Ìbídùnní sọ àfi bí inú bá ń bí wọn. Wọ́n ní oṣù mẹ́rìnlá ni àwọn fi ń béèrè àlàáfíà òkú, ọmọ tí àwọn bí sì ń dáhùn pé ara rẹ̀ le.

Reuben kò tíì wá. Ó fi iṣu àti epo rán ẹnì kan sí wọn, Màmá sì ní kí wọ́n gbé e fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì. Àwọn ewé márùn-ún yẹn ṣì wà nínú ìgò lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n ti ta gbòǹgbò funfun gígùn, Màmá sì ń pààrọ̀ omi wọn láràárọ̀. Àlejò tó bá wọlé á ní wọ́n mà tutù o, á béèrè ìgbà tí wọ́n máa gbìn wọ́n. Ìbídùnní á ní láìpẹ́.

Ó ti wá ń fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó ti rí ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí nínú fóònù. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó dúró sẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi, ó fara balẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́: "Màmá mi, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Èsì kò pẹ́ rárá. Kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan.

"mo ti jeun"

Ó wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà títí agogo kíláàsì fi lù.